Pẹpẹ àti Ebè

Òwe kan wà tí àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn láti máa pa nígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n a pa á tán, wọ́n a sì kó àpò ìrẹsì síta. Wọ́n a to àwọn opó àti àwọn arúgbó ní ẹsẹẹsẹ, ayàwòrán a ya àwòrán, olúkúlùkù a gba kóńgò méjì, ó di ọdún mìíràn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fún ẹni tí ebi ń pa ní oúnjẹ. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò pé bí a bá ti ṣe èyí, iṣẹ́ ti parí. Òwe náà kò sọ pé kí a fi ìrẹsì dí ebi lẹ́nu kí a lè ráyè wàásù. Ohun tí ó sọ ni pé ebi ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ni ó gbé ebi wọlé, ọ̀nà wo ni ó gbà wọlé, ta sì ni ó di ilẹ̀kùn mú tí kò jẹ́ kí ó jáde.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti iṣẹ́ ìtọ́jú ilẹ̀, omi àti oúnjẹ kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan tí ó kọ èkejì, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ń ṣe, ìbáà jẹ́ pé èrò kún inú ìjọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá sọ pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kì í ṣe pásítọ̀ nìkan ni mo ń bá wí. Mo ń bá ìmáàmù wí, mo ń bá wòlíì wí, mo sì ń bá àwòrò òrìṣà wí. Àwọn kan yóò ní kí ni olùkọ́ èdè Yorùbá ń wá ní ibi pẹpẹ. Èsì mi ni pé èmi náà jẹ́ ọmọ ìjọ, mo sì ń jẹun. Ohun tí ó bá kan ẹnu kò yọ olùkọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ní ìlú Ìbàdàn, ọmọdé 35 ni ó kú nígbà tí èrò ya lu ara wọn níbi àríyá ọdún kan tí a ti ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ènìyàn 10 kú ní ọgbà ìjọ Kátólíìkì kan ní Maitama ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti péjọ láti gba oúnjẹ; ọmọdé wà nínú wọn. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra, àwọn tí ó kú níbi tí a ti fẹ́ pín ìrẹsì lé ní ogún. N kò mẹ́nu kàn wọ́n láti dá ẹni tí ó ń ṣàánú lẹ́bi. Àwọn tí ó ṣètò ìpéjọpọ̀ náà kò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé ènìyàn lè kú ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run nítorí kóńgò ìrẹsì kan, ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí àánú nìkan lè yanjú.

Ebi tí ó kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí jọ kò sì já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n jẹ́ kí iye náírà já lulẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ta ni nínú àwọn olórí ẹ̀sìn wa tí ó kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ jọ, tí ó wí fún wọn pé: ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a ṣe ìṣirò ohun tí ìlú yìí ń jẹ, ibi tí ó ti ń wá, àti ìdí tí ó fi wọ́n? Mo mọ̀ pé àwọn díẹ̀ ṣe é. Àwọn púpọ̀ kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. A wá ń bẹ ẹni tí ebi ń pa pé kí ó gbààwẹ̀ kí ebi lè lọ!

Àánú a máa fún ènìyàn ní oúnjẹ òní. Òdodo a máa bèèrè ìdí tí kò fi ní ti ọ̀la. A kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ilé tí a kì í ti í jẹ ẹ́. Ní ọdún 2015, ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ tí ó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí pé wọ́n bá oògùn apakòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí ara ènìyàn lè gbà. Oògùn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará ọjà wa ń pè ní òtápíápíá. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títà á nínú ìgò kékeré. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ẹ̀wà tí àwọn òyìnbó kọ̀, àwa ni a jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tí ó fín oògùn sí i, ọmọ ìjọ ni. Ìyá tí ó tún da òmíràn sínú àpò kí kòkòrò má baà jẹ ọjà rẹ̀, ọmọ ìjọ ni. Ẹni tí ó rà á tí ó sè é fún àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ ìjọ ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí àga kan náà ní ọjọ́ Ìsinmi, tàbí kí wọ́n kírun lórí ẹní kan náà ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn sọ ọ́. Bí inú bá wá ń run ọmọ náà lẹ́yìn náà, wòlíì yóò ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni.

Mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n dárúkọ oríṣìí iṣu mẹ́wàá. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò ka márùn-ún. Wọn a pe ewùrà, wọn a pe ẹ̀sùrú, wọn a sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn ẹ̀mí àìmọ́ tí wọ́n gbọ́ nínú ìwàásù, ẹyọ ẹnì kan yóò ka ogún láìmí. Kì í ṣe àwọn ọmọ ni mo ń bú. Ohun tí àgbà bá gbìn sí ọmọdé lọ́kàn ni yóò hù níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé òde òkun ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti wá, pé àwọn òyìnbó tí ó yó ni ó ń ráyè ṣe àníyàn igi àti omi. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn ẹ̀sìn ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1841, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Bìrìtìkó wọ odò Ọya, tí Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí ó bá a lọ, kì í ṣe Bíbélì nìkan ni wọ́n kó wá. Thomas Fowell Buxton, ẹni tí ó gbèrò ìrìn àjò náà, gbà pé ìwé mímọ́ àti ohun èlò oko ni yóò jọ pa òwò ẹrú run. Wọ́n gba ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì dá oko àwòṣe síbẹ̀. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko ọ̀hún kò sì pẹ́ tí ó fi tú ká. Èrò wọn ní àbùkù tirẹ̀, nítorí pé òwú tí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú wọn nílò wà lọ́kàn wọn bí ọkàn àwọn adúláwọ̀ ti wà. Síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó rò pé oko jẹ́ ohun tí ó rẹlẹ̀ ju ìwàásù lọ.

Ẹ sún mọ́ ilé díẹ̀ sí i. Ní ọdún 1901, àwọn ọmọ ìjọ kan fi ìjọ St. Paul's Breadfruit ní Èkó sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tí àwọn òyìnbó aláṣẹ gbà ń lo àwọn àlùfáà adúláwọ̀. Wọ́n dá ìjọ African Church sílẹ̀. Jacob Kehinde Coker wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọkùnrin yìí kan náà ni olóko kòkó ńlá ní Agége, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olóko tí wọ́n ń pè ní Agege Planters' Union, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ ní oko rẹ̀ láti ilẹ̀ òkè kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ kan ṣe tàn kálẹ̀ láìsí owó àwọn òyìnbó: èso kòkó wà nínú àpò, ìwé orin wà lábẹ́ abíyá.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ìtàn Agége ní ẹ̀gbẹ́ kan dá ìkejì sí. Kòkó kì í ṣe oúnjẹ. Ó sọ àwọn kan di olówó, ó rán ọmọ púpọ̀ lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí a ti gé igbó rẹ̀ kúrò ni ó dúró sí, ó sì jẹ́ kí oúnjẹ àwa fúnra wa máa dúró de iye tí àwọn ará Yúróòpù bá fẹ́ san. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀sìn tí ó bá di ọkọ́ mú ni ó ń ṣe òdodo. Ìbéèrè mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ bi oko ìjọ èyíkéyìí: ta ni ó ni ín, ta ni ó ń jẹ nínú rẹ̀, kí sì ni ilẹ̀ náà yóò dà bí a bá kúrò lórí rẹ̀?

Ìbéèrè kẹta yìí ni ó gbé mi dé Òṣogbo, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn olùjọsìn tí ó kọ́kọ́ fi ara wọn jìn fún un. Susanne Wenger, tí a bí ní Austria ní ọdún 1915, tí àwọn ará Òṣogbo sọ ní Àdùnní Olórìṣà, kò fi ìwé kan lé wa lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gba iṣẹ́ àwòrò, ó sì rí i pé kò sí bí òun yóò ṣe sin òrìṣà kí òun jẹ́ kí a gé ilé òrìṣà lulẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ń fẹ́ ta ilẹ̀ igbó Ọ̀ṣun, tí àwọn mìíràn ń gé igi rẹ̀, òun àti àwọn agbẹ́gilére àti àwọn bíríkìlà tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbé ère dìde, wọ́n sì mọ odi síbi tí igbó ti fẹ́ máa tán. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò. Ní 1992, wọ́n fi kún un. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Àdùnní kú ní ọdún 2009. Hẹ́kítà 75 igbó náà ṣì wà, igi ṣì wà, ọ̀bọ ṣì ń fò níbẹ̀.

Igbó yè é, ṣùgbọ́n omi kò yè é. Àwọn tí ó ń wa wúrà ní ìhà Ìjẹ̀ṣà sọ odò Ọ̀ṣun di pupa bí omi ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ti ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa. Omi tí àwọn abiyamọ ń bù fún ọmọ mu láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ní kí wọ́n má fi kan ẹnu mọ́. Ibo ni ohùn àwọn pásítọ̀ Òṣogbo wà? Ibo ni ti àwọn ìmáàmù rẹ̀? Mo ti gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé omi òrìṣà ni, kí òrìṣà gba ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan ni. Odò kì í bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó wá pọn omi. Ẹja inú rẹ̀ ni Mùsùlùmí fi ń ṣínu, omi rẹ̀ ni Kìrìsìtẹ́nì fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Májèlé tí ó bá wọ odò náà kò ní yà kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọ.

Ó dáa, ẹnì kan lè wí pé a ti gbọ́ ti ẹni tí ó dáàbò bo igbó, ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a rékọjá ààlà, kí a lọ sí Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ìlú tí àwọn ènìyàn wa àti àwọn Ègùn ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni Godfrey Nzamujo gbé dá Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ọmọ Nàìjíríà ni, àlùfáà Kátólíìkì ni nínú ẹgbẹ́ àwọn Dominican, ó sì ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní California. Nígbà tí ọ̀dá àti ìyàn ń pa àwọn ènìyàn ní Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ń wo àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ó lè dá owó jọ, kí ó fi ránṣẹ́. Ilé ni ó padà sí. Hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo, ilẹ̀ tí ó ti ṣá, ni ìjọba Benin fún un.

Ohun tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ náà kò ní awo nínú. Ìdin ń hù nínú ìgbẹ́ adìẹ. Ìdin di oúnjẹ ẹja. Omi inú ọ̀gbun ẹja ń lọ sí oko ẹ̀fọ́. Pàǹtí oko àti ìgbẹ́ ẹran ń wọ inú kòtò tí a dé pa, afẹ́fẹ́ tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń dáná, ohun tí ó kù nínú kòtò sì di ajílẹ̀ tí ó ń padà sí oko. Kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí níbẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ẹlòmíràn ni ìdọ̀tí olúkúlùkù. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń padà lọ dá oko tiwọn. Oko náà ti ju ogún hẹ́kítà lọ nísinsìnyí, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sì kà á sí ibùdó àwòkọ́ṣe fún Áfíríkà ní ọdún 2008. Àlùfáà náà kò bọ́ aṣọ oyè rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ inú oko. Iṣẹ́ kan ni méjèèjì jẹ́ lójú rẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní àwíjàre mẹ́ta, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní ọkàn ni a rán àwọn sí, a kò rán àwọn sí ikùn. Pásítọ̀ kan tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi rí sọ ọ́ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, “Dókítà, ẹ má bínú, ìran tí Ọlọ́run fi hàn mí kì í ṣe ìran oko.” Mo ní, “Pásítọ̀, iyán tí ẹ jẹ lánàá ńkọ́? Ṣé inú ìran ni iṣu rẹ̀ ti ta?” Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn. Ìwé mímọ́ tí ó gbé dání kún fún ọ̀rọ̀ oko. Òfin Mósè ní kí olóko má ṣe kórè eteetí oko rẹ̀ tán, kí ó fi sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò; ó sì ní kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Òfin Ìsìláàmù ní kí àgbẹ̀ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá èso tí òjò bomi rin, kí ó yọ ìdá kan nínú ogún bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó fi agbára rẹ̀ bomi rin ín; Ànábì sì kọ́ wọn pé bí ènìyàn bá gbin igi, tí ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú èso rẹ̀, sàráà ni fún un. Àwọn olórìṣà kò sì ní í jẹ iṣu tuntun kí wọ́n má kọ́kọ́ fi fún òrìṣà. Nínú ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó ya ọkàn kúrò lára ikùn. Àwa ni a yà wọ́n.

Èkejì, wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ìjọba ni, kò sì yẹ kí a dá ìjọba sí. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers náà ti dá irú oko Songhai sílẹ̀ ní Bunu ní ilẹ̀ Ògóni. Nígbà tí ìjọba yí padà, wọ́n pa á tì, àwọn olè sì kó ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ. Ti Àjàṣẹ́ ṣì wà. Ìjọba a máa lọ ní ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Ilẹ̀ tí ó ti ṣá kì í jí ní ọdún mẹ́rin. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù báyìí nílò àwọn ènìyàn tí kò retí ìbò, tí wọ́n gbà pé àwọn yóò jíyìn fún ẹni tí ó ju gómìnà lọ. Bí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kò bá sí nínú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ẹni tí ó bá ń dáàbò bo igi àti odò ti ń padà sí ìbọ̀rìṣà. Àwíjàre yìí ni ó burú jù, nítorí pé òun ni ó fi àáké sí igbó púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Mo mọ ìlú kan tí wọ́n ti gé igbó tí ó bo orísun omi wọn, nítorí pé wọ́n ní igbó ibi ni. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ibùdó ọkọ̀ fún àwọn tí ó ń wá ṣe ìsìn òru. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí omi náà gbẹ. Nísinsìnyí, wọ́n ń ra omi inú ọ̀rá. Àwọn baba wa tí wọ́n ní kí a má gé igi níbẹ̀ lè má mọ ìdí rẹ̀ bí ilé ìwé ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò gbẹ ní ojú wọn. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ni ó dá igi, kí ni ó ń bá igi jà fún?

Kí wá ni mo ń fẹ́? N kò ní kí gbogbo àlùfáà di àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn yóò rí àgọ́ àdúrà lọ́tùn-ún lósì, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí. Ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn nílẹ̀ Yorùbá kò kéré. Kí wọ́n yọ nínú rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ilẹ̀, kí àdéhùn náà wà ní àkọsílẹ̀, kí àwọn tí ó ro oko sì ni ó ni èrè rẹ̀. Kí àwọn ilé ìdáná àgọ́ náà, tí wọ́n ń bọ́ àìmọye ènìyàn ní ọjọ́ ìpàdé, ra ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àdúgbò. Kí wọ́n bi àwọn àgbẹ̀ náà ní oògùn tí wọ́n fín sí i. Kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà àti ilé kéwú ńlá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ìtọ́jú ilẹ̀, bí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìwàásù. Nígbà tí wọ́n bá sì ba odò jẹ́, kí ìmáàmù, bíṣọ́ọ̀bù àti àwòrò jọ fi ọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì gómìnà. Bí wọ́n bá lè jọ jókòó níbi ìwúyè, wọ́n lè jọ dúró ní etí odò.

Kò sí èyí tí ó gba iṣẹ́ ìyanu nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó gbà ni pé kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ṣẹ̀ àwọn alágbára kan: ẹni tí ó ń wa wúrà, ẹni tí ó ń ta oògùn, olóṣèlú tí ó ń kó ìrẹsì wá ní ọjọ́ ọdún tí ó sì ń jókòó sí àga iwájú. Mo rò pé ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé àwọn oníwàásù wa kò mọ ohun tí ó fa ebi. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó fà á ni ó ń kọ́ ilé ìjọ fún wọn.

Èdè wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Nígbà tí àwọn baba wa bá fẹ́ bá ara wọn dá májẹ̀mú, wọ́n a mulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ìmùlẹ̀. Ẹni tí ó bá da májẹ̀mú, a kì í sọ pé ó da ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan, a ní ó dalẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ ni a sì ṣẹ̀. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé ọ̀rọ̀ májẹ̀mú ni àwọn ń sọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wàásù májẹ̀mú, tí ó ń wo bí a ti ń ba ilẹ̀ jẹ́, tí a ń da májèlé sí omi, tí ebi ń pa ọmọ ìjọ rẹ̀, tí kò sì sọ̀rọ̀ nítorí owó ilé ìjọ, Yorùbá ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni.